Ọlọ́lá àti Píjò Tó Ṣàgbà Rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Òmù-Àrán, mo sì fẹ́ máa rí omi mu lọ́nà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilẹ̀ Ìgbómìnà ni, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wà nípò, tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìlú náà, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Òkèwéré.

Ní Òkèwéré ni Ọlọ́lá Aaron wà. Kí n tó tún dárúkọ rẹ̀, ó yẹ kí n ka oyè rẹ̀ tán, torí ẹni tó bá pè é láìka oyè kì í gbọ́ ìdáhùn. Òun ni Alábòójútó Pàtàkì fún Ẹwà Ojú Pópó, Ìgbòkègbodò Ọkọ̀ àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Mìíràn Tó Bá Jọ Bẹ́ẹ̀. Tábìlì kan àti àga méjì ló wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní kánsù, ṣùgbọ́n àga tirẹ̀ ga ju ti àlejò lọ, torí ó ti pe káfíńtà pé kó wá gé ẹsẹ̀ àga àlejò kúrú. Ẹni tó bá wá kí i á jókòó, á wá rí i pé orúnkún òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n òun. Ọlọ́lá á wò ó láti òkè, á ní, "Máa wí, mo ń gbọ́ ọ."

Ó ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ Bashir. Iṣẹ́ Bashir kò ju pé kó máa ṣíwájú Ọlọ́lá lọ, kó máa ké pé, "Ẹ yà o, Ọlọ́lá ń bọ̀." Bí kò bá sí ènìyàn lójú ọ̀nà, á sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Bí Ọlọ́lá bá sín, Bashir á ní ìjọba ló sín yẹn, kí gbogbo ènìyàn ṣe pẹ̀lẹ́. Bí Ọlọ́lá bá ní ooru ń mú òun, Bashir á yọ áńkáṣíìfù, á máa nu ojú ara rẹ̀, kódà bó jẹ́ inú ọyẹ́. Ó ní ìyàwó àti ọmọ ní Agbamu tó ń bọ́, nítorí náà ẹ má tíì dá a lẹ́bi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ti Ọlọ́lá lójú láyé. Píjò bàbá rẹ̀ ni.

Píjò náà wà níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá. Bàbá olóògbé, tó jẹ́ tíṣà ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ló rà á ní tuntun, nígbà tí tíṣà ṣì lè ra ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ má bínú, òótọ́ ni mo ń sọ. Funfun ni ọkọ̀ náà nígbà yẹn. Ní báyìí, kò sẹ́ni tó lè sọ àwọ̀ rẹ̀ kí ẹlòmíràn má jà á níyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá Píjò yìí gbé ní láti mọ ìwà rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ìta nìkan ni wọ́n ti ń ṣí i. Gíláàsì iwájú lápá òsì, igi pẹlẹbẹ kan ló dì í mú. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn awakọ̀ á ṣí agboòrùn nínú ọkọ̀, á sì máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ pẹ̀lú sùúrù. Hóònù rẹ̀ kì í dún àfi bí wọ́n bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, nítorí náà àwọn tó wà lápá òsì ọ̀nà nìkan ló ń gbọ́ pé ó ń bọ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú ṣọ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n títì rẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti sùn mọ́jú, kò lè jí fúnra rẹ̀, àfi kí àwọn ìyàwó ilé tì í. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti gbà, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró mọ́ títí yóò fi débi tó ń lọ. Bí ó bá dúró pẹ́nrẹ́n, ó kú nìyẹn, títì tún di dandan. Ẹni tó bá ń tì í tó sì fẹ́ bá a lọ, ṣe ni yóò sáré tẹ̀lé e, tí yóò fò wọlé bó ṣe ń lọ. Àgbà obìnrin mélòó kan wà ní agbo ilé náà tí wọ́n ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Nígbà tí Nímọ́tà, ìyàwó Ọlọ́lá, kọ́kọ́ wọlé, ó bá Píjò nílé. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà níta yìí ńkọ́, kí ni kí n máa pè é?" Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ọwọ́ Nímọ́tà ló kù sí. Nímọ́tà wo irin iwájú ọkọ̀ tó ń dán bí eyín, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìyàwó ilé ti ń pè é bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Eyín méjì ti ká níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n orúkọ kò yí padà. Nímọ́tà fúnra rẹ̀ ló ń wà á lọ sí Ẹ̀sìẹ́, níbi tó ti ń ṣe tíṣà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun tí Ọlọ́lá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Inú Píjò yìí ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Màmá Rúùtù, ń rọbí, wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán. Wọ́n dé ìdí igi igbá kan lẹ́bàá afárá, ọmọ ní òun kò lè dúró mọ́. Orí àga ẹ̀yìn ló bọ́ sí. Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ orúkọ rẹ̀. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́. Aaron tí ẹ ń gbọ́ yìí, ìgbà ìsàmì ni wọ́n fi kún un. Nígbà tó dé ipò, ó gbé Aaron ga, ó sì sin Abíọ́nà. Ó ti pẹ́ tó ti jẹ́ ẹ kẹ́yìn. Ẹni tó bá pe Abíọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe ni yóò bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń wá.

Kánsù wá fún un ní jíìpù. Ó dúdú, gíláàsì rẹ̀ dúdú, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tí a kì í rí, tó ń fi èdè òyìnbó sọ fún wọn bí ilẹ̀kùn kò bá tíì tì. Ọlọ́lá máa ń dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, màdáámù." Láti ìgbà tí jíìpù ti dé, kò lè wo Píjò lójú mọ́. Bó bá ń jáde, á ní kí Bashir, tó ti di awakọ̀ rẹ̀, gba ẹ̀yìnkùlé.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ láti Ìlọrin wá ṣí gáréèjì tuntun. Wọ́n ní bí inú Kọmíṣọ́nnà bá dùn, Ọlọ́lá ló kàn láti di alága kánsù. Ọlọ́lá kò sùn dáadáa mọ́. Ó ní kí wọ́n pe gbogbo ìlú sí gbọ̀ngàn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ló fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tí ẹ ṣoríire tó bẹ́ẹ̀ tí a fi jọ wà láyé ní àkókò kan náà."

Bashir pàtẹ́wọ́. Àwọn ènìyàn náà pàtẹ́wọ́, torí fáànù kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ kó tètè parí.

"Mo bi ara mi léèrè pé kí ni ojú Kọmíṣọ́nnà yóò rí bó bá dé. Ọkàn mi dáhùn. Ó ní yóò rí pàǹtí tó ní táyà. Yóò rí irin tó ń wúkọ́. Mo sunkún. Bashir wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, sà," ni Bashir wí. "Omijé náà pọ̀."

"Nítorí náà, mo ti ṣòfin. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ yọjú sójú pópó lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá yọjú, a ó mú un lọ sí ọgbà kánsù, a ó tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ọkọ̀ tí a bá mú kò gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà. Kò gbọ́dọ̀ gbé èrò. Òṣìṣẹ́ mi kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi fúnra mi ni mo ń bẹ̀ ẹ́."

Ràímì, olórí àwọn onítaksí, dìde. Àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá. "Ọlọ́lá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Taksí wa pátá ló ti lé ní ogún ọdún. Gáréèjì tí ẹ fẹ́ ṣí yìí, ọkọ̀ wo ló máa wọ inú ẹ̀?"

"Gáréèjì kò nílò ọkọ̀ lọ́jọ́ ìṣílé," ni Ọlọ́lá dá a lóhùn. "Ẹwà ló nílò."

Ràímì wo àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn náà wò ó. "A ti gbọ́, sà," ló wí, ó sì jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí lè rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọlọ́lá tó jẹ́ ọmọ ibí ló yẹ kí ẹ̀rù bà.

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rántí ohun kan tó ti ń wá ọ̀nà àtiṣe látijọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣojúsàájú, Píjò ìyá tó bí mi lọ́mọ ni a ó kọ́kọ́ mú, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìbáà yọjú, ìbáà má yọjú."

Lọ́tẹ̀ yìí, Bashir nìkan ló pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Rúùtù lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Nílé, ọmọ náà ti ń sá fún un. Wọ́n fi í jókòó sórí àga kúkúrú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ká orúnkún, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ lókè.

"Mi ò wá bá ìjọba jà," ló wí. "Nígbà tí bàbá rẹ kú ní Ìlọrin, ọkọ̀ yẹn la fi gbé e wálé. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi títí a fi délé. Tí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àga yẹn ni mo máa ń lọ jókòó sí. Ibojì yẹn, ẹ ti lẹ táìlì sí i, ó tutù jù fún mi. Jẹ́ kó dúró síbi tó wà. Tí mo bá kú, kí ẹ tà á."

Ọlọ́lá tún bírò tó wà lórí tábìlì tò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí àga rẹ̀, ṣùgbọ́n Bashir wà lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá," ló wí, "ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú kì í ṣe ètò ìjọba."

"Abíọ́nà," ni ìyá rẹ̀ pè é.

Ọlọ́lá bojú wẹ̀yìn. Ògiri ló wà níbẹ̀.

Màmá Rúùtù di àga mú, ó rọra dìde. "Kò burú," ló wí. "Mo ti gbọ́."

Ọlọ́láṣẹ́gun ni ì bá jẹ́ orúkọ olórí àwọn amúkọ̀ kánsù, ká ní ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́lá, ṣùgbọ́n Ọláṣẹ́gun lásán ló ń jẹ́. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà bí wọ́n bá ti kọ́ ọ ní nǹkan, kì í gbàgbé. Ọlọ́lá mú un jókòó, ó kọ́ ọ ní òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó máa ń kà á bí ẹni ń ka Sáàmù.

Ọjọ́ pé. Òjò ńlá ti rọ̀, ilẹ̀ rin gbingbin. Ọláṣẹ́gun dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n ńlá kan lọ́wọ́, ó sì ń tọrọ àforíjì kó tó wọ àgbàlá. Ó bá Màmá Rúùtù tó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ọjọ́ ìkórè. Nímọ́tà wà nídìí ọkọ̀.

"Ọmọ mi, ká ẹ̀wọ̀n yẹn," ni Màmá wí. "Kò jalè. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ni yóò fi rìn dé ọgbà kánsù, èmi ni n ó sì sìn ín dé ibẹ̀."

Ọláṣẹ́gun ronú. "Òfin ní kò gbọ́dọ̀ gbé èrò, Màmá."

"Ṣé èrò ni mí nínú ọkọ̀ ọkọ mi?"

Ọláṣẹ́gun tún ronú, ó rí i pé òfin kò sọ̀rọ̀ débẹ̀, ó ká ẹ̀wọ̀n, ó sì jókòó síwájú. Àwọn ìyàwó ilé tú jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Eyínfúnjowó, wọ́n sì tì í. Wọ́n máa ń kọrin tí wọ́n bá ń tì í, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹkún ló gba ẹnu wọn. Ọkọ̀ náà gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tí kò fẹ́ dá wọn lágara mọ́. Ọgbà kánsù wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Òmù-Àrán, kọjá afárá. Ibẹ̀ ni wọ́n dojú kọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ọlọ́lá. Ó ti lọ pàdé Kọmíṣọ́nnà ní Òmù-Àrán, pẹ̀lú agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí débi pé ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Kọmíṣọ́nnà jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọlọ́lá bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá jókòó sínú jíìpù òun, kí àwọn ọkọ̀ yòókù àti alága kánsù máa lọ ṣíwájú. Ó fẹ́ rí àyè sọ ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ fún un lọ́nà. Ó ní kí Bashir rọra máa wà á.

Wọ́n ń rọra lọ, ọ̀rọ̀ ìkíni ń lọ. Ó ti sọ ti ìgbà èwe rẹ̀ tán, ó yọ ti Píjò sílẹ̀, ó ti ń bọ̀ wá sórí ìjáfáfá rẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ibi igi igbá lẹ́bàá afárá. Omi ti kún ojú ọ̀nà. Bashir wọ inú rẹ̀. Jíìpù lọ díẹ̀, ó gbọ̀n, gbogbo iná iwájú rẹ̀ tàn papọ̀, ó sì kú. Obìnrin inú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan ṣáá.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ni Ọlọ́lá wí.

"Èmi?" ni Kọmíṣọ́nnà béèrè.

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Gíláàsì kò wálẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí níbẹ̀, kò sì sí rí. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Bashir yọ áńkáṣíìfù, ó nu ojú rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó jẹ́ òógùn tòótọ́ ló nù. Nígbà tó pẹ́, ó rá lọ sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn bútù títí ó fi ṣí. Báyìí ni Kọmíṣọ́nnà ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe gun orí àga, tó rá kòrò gba bútù jáde sínú ẹrẹ̀. Bàtà rẹ̀ kan kò tẹ̀lé e.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ kan máa kọjá láìpẹ́," ni Ọlọ́lá wí.

Wọ́n dúró. Ẹyẹ ń ké. Màálù mẹ́ta kọjá pẹ̀lú darandaran wọn. Kọmíṣọ́nnà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọ̀nà Òmù-Àrán nìyí, ilẹ̀ sì ti mọ́ tipẹ́. Kí ló dé tí ọkọ̀ kan kò kọjá?"

Ọlọ́lá ń wo igi igbá bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Bashir ń wo Ọlọ́lá.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ìwúkọ́ kan láti apá Òkèwéré. Ọlọ́lá mọ ìwúkọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbọ́ ọ.

Jíìpù ti dí ẹnu afárá, nítorí náà Nímọ́tà kò rọ́nà lọ, ó ní láti dúró. Píjò kú. Ọláṣẹ́gun sọ̀ kalẹ̀, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó sì nàró ṣánṣán bí ọmọ ogun.

"Ọláṣẹ́gun, ó dára tí o dé," ni Ọlọ́lá wí. "Yí ọkọ̀ yẹn padà, kí ẹ gbé Kọmíṣọ́nnà lọ sí gáréèjì."

"N kò lè ṣe é, sà," ni Ọláṣẹ́gun wí. Ó gbé orí sókè. "Ọkọ̀ tí a bá mú kò gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà. Kò gbọ́dọ̀ gbé èrò. Òṣìṣẹ́ mi kò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi fúnra mi ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà."

"Kí ni ọkọ̀ yìí ṣe tí ẹ fi mú un?" ni Kọmíṣọ́nnà béèrè.

"Ó ti lé ní ogún ọdún, mà. Òfin ní ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ yọjú lónìí, kí ojú yín má baà rí pàǹtí tó ní táyà àti irin tó ń wúkọ́."

Kọmíṣọ́nnà yíjú sí Ọlọ́lá. "Ta ló ṣe irú òfin yìí?"

"Ìgbìmọ̀ kan ni, mà," ni Ọlọ́lá wí.

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Ọláṣẹ́gun wí. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ògo ọ̀gá rẹ̀.

Màmá Rúùtù yọjú láti inú ọkọ̀. "Ẹ máa bọ̀, ọmọ mi," ló wí fún Kọmíṣọ́nnà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣí ilẹ̀kùn láti ìta, kì í gbọ́ ti inú. Ẹ wá nu ẹsẹ̀ yín."

Kọmíṣọ́nnà fagi lé òfin náà níbi tó dúró sí, kí Ọláṣẹ́gun lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó jókòó ti Màmá, ó fi ọwọ́ pa àga. "Bàbá mi ní irú èyí," ló wí. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

Ó wá ku títì. Ọlọ́lá wo agbádá rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀, ó wo Kọmíṣọ́nnà. Kò sí ibi tó lè sá sí. Òun àti Bashir àti Ọláṣẹ́gun kọ́kọ́ tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi yíjú sí Òkèwéré. Nímọ́tà fi ọwọ́ lu sítíárì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Eyínfúnjowó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," ló wí, "ẹ bá mi gbé ojú Màmá ga lónìí." Wọ́n tún tì í. Píjò wúkọ́, ó sín, ó tú èéfín dúdú sí agbádá funfun, ó sì gbà.

Ọláṣẹ́gun fò wọ iwájú. Bashir, tó ní ìyàwó àti ọmọ ní Agbamu, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, ó sì fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọmíṣọ́nnà. Ọlọ́lá fẹsẹ̀ tẹ agbádá ara rẹ̀, ó ṣubú sórí orúnkún.

"Nímọ́tà, dúró," ló ké.

"Bàbá Jannat, tí mo bá dúró, ó máa kú," ni Nímọ́tà fi orúkọ ọmọ wọn dá a lóhùn láti ojú fèrèsé. Òótọ́ sì ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé inú rẹ̀ bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Kọmíṣọ́nnà bojú wẹ̀yìn wo ọkùnrin tó ń sáré nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ igi igbá. "Ta gan-an ni ọkùnrin yẹn?" ló béèrè.

"Ọmọ mi ni, mà," ni Màmá Rúùtù wí. "Ìdí igi yẹn náà ni mo bí i sí. Orí àga tí ẹ jókòó sí yìí. Abíọ́nà ló ń jẹ́."

Ní gáréèjì, ìbòrí wà, àga wà, alága kánsù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ ìjọba díẹ̀ tó dúró síta. Inú gáréèjì mọ́ tónítóní, òfìfo. Kò sí taksí kan. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ tí wọ́n pè kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá, àwọn àgbà ìjọ àti àwọn àlùfáà mọ́sálásí kò rí ọkọ̀ wọ̀ wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọrin ṣì wà ní abúlé wọn. Ràímì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nìkan ló fẹsẹ̀ rìn wá, wọ́n jókòó sábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà, wọ́n wọ aṣọ àdúrà ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì ń pa òfin mọ́.

Wọ́n rí Píjò tó ń bọ̀. Alága na ọwọ́ pé kó dúró, nítorí rìbọ́ọ̀nù pupa ti wà lẹ́nu ọ̀nà, sísọ́ọ̀sì sì ti wà nínú àwo. Nímọ́tà ò lè dúró. Ó wo Kọmíṣọ́nnà nínú gíláàsì ẹ̀yìn, Kọmíṣọ́nnà sì ní, "Máa lọ." Píjò fi eyín tó ṣẹ́ kù lẹ́nu rẹ̀ já rìbọ́ọ̀nù, ó yí gáréèjì ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró fúnra rẹ̀ ní àárín gbùngbùn.

"Mo ti ṣí i," ni Kọmíṣọ́nnà wí láti ojú fèrèsé. Ariwo ẹ̀rín sọ lábẹ́ igi.

Nígbà tí Ọlọ́lá fi máa dé, ẹrẹ̀ ti gbẹ sára agbádá rẹ̀, ó sì ń dún bí ó ṣe ń rìn. Kọmíṣọ́nnà wà lórí ìdúró, sálúbàtà Màmá Rúùtù ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Gáréèjì yìí dára," ló ń sọ. "Ọkọ̀ ni ẹ kò fún un." Ó wá bi alága kánsù bóyá ó mọ̀ nípa òfin náà. Alága ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló jókòó síwájú ní gbọ̀ngàn. Alága tún sọ pé ipò Alábòójútó Pàtàkì náà ti parí láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí Ọlọ́lá dá kọ́kọ́rọ́ jíìpù padà. Ọlọ́lá ṣẹ́jú sí Bashir pé kó bá òun sọ̀rọ̀. Bashir ti wà níwájú alága, ó ń sọ fún àga òfìfo pé kí wọ́n yà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Rúùtù fẹ́ lọ rí dókítà ní Òmù-Àrán. Nímọ́tà jókòó sídìí ọkọ̀. Àwọn ìyàwó ilé ti lọ sóko, àbí wọ́n fara pamọ́, n kò lè sọ. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló kù ní àgbàlá, kò ní agbádá lọ́rùn, òun náà sì fẹ́ dé Òmù-Àrán, torí ó fẹ́ béèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣe akọ̀wé tẹ́lẹ̀ ṣì nílò òun. Ó dúró sẹ́yìn Píjò. Ó tì í. Píjò kò mira. Ó fi èjìká tì í. Píjò mira díẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn.

Taksí Ràímì ń kọjá. Ó dẹwọ́ eré, ó yọrí síta. "Abíọ́nà," ló pè, láìsí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ohùn rẹ̀, "ṣé ká bá ọ tì í?"

Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. Ibojì bàbá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó yíjú padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bútù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ló wí. "Ẹ bá mi tì í."

Ràímì àti àwọn èrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tì í, Píjò wúkọ́, ó gbà. Abíọ́nà sáré tẹ̀lé e, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, ó fò, ó sì bọ́ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Màmá Rúùtù fi ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀ nu òógùn ojú ọmọ náà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́," ló wí.

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Nímọ́tà yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, sí ọ̀nà Òmù-Àrán, hóònù sì dún.